Kọ̀ǹpútà Tó Máa Kọ́ Ìwé Ilẹ̀ Wa Sórí

Basawa, Zaria
8 November 2003

Ọmọ́yẹlé ọmọ mi,

Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ lásán kúrò ní Kàbbà, tí mo ru àpò ẹ̀pà ní rélùwéè Zaria títí irun àárín orí mi fi re, tí mo fi ọdún méjì sùn lórí àpò, tí ìwé mi kò kọjá pírámárì kejì, èmi náà tí mo wá di onílé méjì àti oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, èmi ni mo ń kí ọ. Ṣé Èkó ń gbè ọ́? Olúwa tó gbé mi dìde nínú eruku ẹ̀pà kò ní jẹ́ kí o rẹ̀yìn. Màmá rẹ ní kí o máa jẹun.

Ọmọ mi, inú mi dùn débi pé orí ìdúró ni mo ti ń kọ ìwé yìí! O rántí pé nígbà tí o wá fi Linux sí kọ̀ǹpútà wa, o fi ibì kan hàn wá tó ń jẹ́ tmp, o ní inú iyè ẹ̀rọ ló wà, kì í ṣe inú dísìkì, ìdí nìyẹn tó fi yá, ṣùgbọ́n nǹkan tó ń kọjá lọ nìkan ni ká máa kó síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún ni mo fi ta ẹ̀pà láìkọ orúkọ oníbàárà kan sílẹ̀, ta ló ní iyè tó tún ń wá àpótí? Mo pàṣẹ fún Purity tó ń tẹ̀wé fún wa pé inú iyè ni ká kó gbogbo nǹkan sí.

Lóòótọ́, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun NEPA mú iná lọ, nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ ti gbàgbé lẹ́tà ìjọ. Purity ní òun ṣáà ti sọ fún mi pé bí iná bá lọ, ibẹ̀ á ṣófo. Mo ní kó panu mọ́, pé ọmọdé ni ẹ̀rọ náà, a ò tíì kọ́ ọ dáadáa ni. Báwo lèmi ṣe mọ Sáàmù kẹtàlélógún sórí? Àkàtúnkà ni! A tẹ lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀méje. Kai, ọjọ́ mẹ́rin rèé, kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan! Purity ní torí pé iná ò tíì lọ láti ọjọ́ náà ni. Ìlara lásán.

O mọ̀ pé Ernest aládùúgbò wa ní Danmagaji ń sọ pé òun ló ni ìdajì ilẹ̀ wa. Ìwé ilẹ̀ yẹn nìkan ni ẹ̀rí wa, ikán sì ti jẹ etí rẹ̀ kan. Ṣé ikán lè jẹ iyè?

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra aṣọ òtútù fún ẹ̀rọ náà, ọyẹ́ ti dé. Iyè rẹ kò ní ra láéláé, àwọn ọmọ rẹ yóò jù ọ́ lọ bí ìwọ náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ju èmi lọ.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, Purity yóò tẹ ìwé ilẹ̀ náà sínú iyè ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀méje, n ó sì fi bébà tí ikán jẹ yẹn dáná. Tó bá di Ọjọ́rú tí mai-angwa, olórí àdúgbò, pe èmi àti Ernest, n ó na ọwọ́ òfo méjèèjì sókè lójú gbogbo wọn, n ó ní kí wọ́n wá bi kọ̀ǹpútà mi léèrè.