Owó Idẹ Tí Àbúrò Rẹ Pààrọ̀

Ìyá àwọn ọmọ,

Mo fọ ọwọ́ mi kí n tó jáde. Má fi aṣọ ìnuwọ́ tí mo lò nu ojú.

Àbúrò rẹ ló jí owó idẹ Gíríìkì mi, èyí tó ní ẹyẹ idì lẹ́yìn, tí wọ́n rọ láyé àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn Alẹkisáńdà. Ó fi irú rẹ̀ tó ń ṣàìsàn rọ́pò. Ó rò pé ojú mi ti di bàìbàì. Àwọ̀ ewé ara tèmi ń dán. Ara tirẹ̀ ń yọ ìyẹ̀fun. Àrùn tó ń jẹ idẹ ni, ó sì ń ran èyí tó bá wà nítòsí, pàápàá níbi tó bá tutù.

Mo lọ kí i láàárọ̀ yìí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ẹ má sì jí owó mi o!" Ó ń rẹ́rìn-ín lọ po tíì.

Mo dá owó aláìsàn rẹ̀ pa dà sáàárín àwọn owó idẹ tí òun náà kó jọ, mo sì ta omi sí aṣọ tó tẹ́ sínú àpótí. Tèmi wà níbẹ̀. Bí mo bá mú un, yóò fura. Kí ó bá wọn kú. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Bó bá pè ọ́, kí i dáadáa. Má kìlọ̀ fún un. Mo mọ̀ pé ọmọ ìyá rẹ ni. Má bẹ̀ mí.

Àpótí mi wà lórí tábìlì. Àyè kan ṣófo nínú rẹ̀.