Ìkọ́ Tó O Yọ Kúrò Lábẹ́ Àga

                                        Ṣọ́ọ̀bù Onítìmùtìmù,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Epo,
                                        Òpópónà Kejì.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé eyín ìsàlẹ̀ àbíkẹ́yìn ti hù? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Màmá ní mi ò gbọdọ̀ fi ìjà bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ kí ọ. Mo ti kí ọ tán báyìí. Inú ń bí mi sí ọ, kò sì kéré.

Àga agbénidìde tó o fi ránṣẹ́ sí Màmá dé. Wọn ò jẹ́ ká tú ọ̀rá ara rẹ̀ títí gbogbo aládùúgbò fi rí i. "Ọmọ mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é," ni wọ́n ń wí fún ẹni tó bá ti yọjú. Iṣẹ́ tó dáa ni, mi ò ní parọ́. Irin rẹ̀ ń dán, ìránṣọ rẹ̀ gún régé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ẹni tó bá ọ rán tìmùtìmù nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń fi iṣẹ́ yẹn jẹun.

Màmá jókòó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde, wọ́n fa ọwọ́ àga náà kí súpíríǹgì abẹ́ rẹ̀ lè gbé wọn, ló bá tì wọ́n síwájú lójijì. Ọlọ́run ló ní kí n wà nítòsí. Ìró wọn ni mo rí gbá mú. Síbẹ̀, wọ́n ti ń gbèjà rẹ: "Èmi ni mo fi wàdùwàdù dìde. Má kọ ọ́ sí i o."

Mo dojú àga náà délẹ̀. Ibi tó yẹ kí ìkọ́ wà, bẹ́líìtì ni mo bá níbẹ̀. O mọ ìdí tí ìkọ́ yẹn fi wà. Àga àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún Màmá lẹ́yìn tí ìbàdí wọn kán kò ní in, ó jù wọ́n sílẹ̀, ọrùn ọwọ́ wọn sì kán. Ìkọ́ ló ń dá súpíríǹgì dúró kó lè máa gbéni díẹ̀díẹ̀. Òun ni mo gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí lọ́dọ̀ ìjọba, pé ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda mi.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù rẹ, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣòwò ló gbé e. Kò mọ̀ pé èmi ni. Mo bi í bóyá ẹlòmíràn ò ní ẹ̀tọ́ lórí irú àga yín. "Ẹ má mikàn, mà," ló wí. "Lọ́yà wa ti ka ìwé ẹ̀tọ́ yẹn fínnífínní. Ìkọ́ nìkan ló dá lé. A ti yọ ìkọ́, kò sẹ́ni tó lè mú wa." Ó tún ní ilé ìwòsàn kan ń retí àga yín lópin oṣù.

Ta lẹ ń sá fún? Èmi tí mo pọ̀n ọ́. O sanwó fún lọ́yà kó lè fi ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé hàn ọ́ sínú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò tì. Ká ní o béèrè ni, ṣé mo máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ? Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àbí torí pé mo máa ń pè ọ́ ní Ọ̀gá Irin Wíwọ́ ni? Ó dùn mí. Ká tiẹ̀ ní èmi nìkan lo ṣẹ̀, ǹ bá gbójú fò ó. Àwọn arúgbó ilé ìwòsàn yẹn ò ní ẹni tó máa gbá ìró wọn mú.

Ìkọ́ kan wà nínú àpò tó bá lẹ́tà yìí wá, pẹ̀lú ìwé ìyọ̀ǹda tí mo ti fọwọ́ sí. Mi ò gba nǹkan kan. Má jẹ́ kí àga kankan jáde láìní ìkọ́, kó o sì pe èyí tó ti jáde padà. Ti Màmá, ìwọ fúnra rẹ ni kó o wá tún un ṣe. Má rán ẹnikẹ́ni.

Bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Kí ẹnì kejì rẹ náà, sọ fún un pé ẹni tó ni ìwé ẹ̀tọ́ yẹn gan-an ló bá sọ̀rọ̀.

Màmá ò gbà kí n gbé àga náà kúrò. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló ṣe é, orí rẹ̀ làwọn máa jókòó sí. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde, èmi ni mò ń dúró lẹ́yìn àga, tí mò ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìjókòó rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mo sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Apá ti ń ro mí. Máa bọ̀.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ṣì ń bí,
                                        Sísí Abẹ́rẹ́.