Ọ̀dà Tó Wà Lára Òpó Badger Bench

Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Ilé Ọkà,
Sage Fork,
Montana.
Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kọkànlá, 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi Orrin,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú oòrùn Arizona. Ṣé orúnkún tó lé yín kúrò nínú òtútù wa ti ń jẹ́ kí ẹ sùn báyìí? Noreen ìyàwó yín ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀? Ara tiwa le níbí, yìnyín ti bo gbogbo orí òrùlé. Mo ní kí n kí yín délẹ̀délẹ̀ nítorí bàbá wa kọ́ wa pé bó ti wù kí inú máa bíni tó, a kì í fo ìkíni. Mo ti kí yín tán. Inú ń bí mi sí yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ mọ̀ pé láti ọdún méjì tí ẹ ti kó lọ, fíríísà wa ò rí ẹran àgbọ̀nrín mọ́. Ẹ̀yin lẹ ń bá wa pa á tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí èjìká Leland ọkọ mi bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí kò lè gbé ìbọn mọ́, mo ní èmi fúnra mi á di ọdẹ. Leland rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mo lọ jókòó ní kíláàsì ẹ̀kọ́ ọdẹ láàárín àwọn ọmọ tí eyín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀, lórí àga tó kéré débi pé orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Ọ̀gbẹ́ni Kjos tó ń kọ́ wa ní, "Kí o tó wá ẹran, mọ ilẹ̀ ẹni tí o dúró lé. Bí o bá rí ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn lára òpó, ẹnu ọ̀nà ilé onílé nìyẹn. Má wulẹ̀ jiyàn, yí padà." Mo dì í mọ́yà. Mo yege, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi ju àwọn ọmọ yẹn lọ.

Ilẹ̀ tí mo máa dúró lé gan-an ló wá di wàhálà. Mo yan páì, mo ń gbé e kan ilẹ̀kùn àwọn olóko màlúù kiri, pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣọdẹ lórí ilẹ̀ wọn. Ọ̀kan ní àwọn àna òun ti kún ibẹ̀. Òmíràn ti fi gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ háyà fún àwọn tó ń mú àlejò olówó wá ṣọdẹ. Ẹ̀kẹta gba páì, ó ní òun á pè mí, mo ṣì ń retí ìpè náà. Ilẹ̀ ìjọba pọ̀ rẹpẹtẹ nínú máàpù orí fóònù mi, ṣùgbọ́n oko àwọn olówó ló yí i ká. Ilẹ̀ tèmi tìẹ ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ìwọ ò lè débẹ̀ àfi ká hu ìyẹ́.

Nínú àwọn ilẹ̀ ìjọba náà, òkè Badger Bench nìkan ló ní ọ̀nà tó wọ inú rẹ̀ nítòsí wa. Mo wa ọkọ̀ débẹ̀, Leland jókòó tì mí. Nígbà tí a kọjá oko màlúù àwọn Ruud, òpó tó wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà pọ́n rokoṣo, ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn láti orí dé àárín. Mo dá ọkọ̀ dúró.

Leland ní, "Àwọn Ruud ló ni ọ̀nà yìí. Ta ni ò mọ̀?"

Mo ní, "Máàpù ní ilẹ̀ ìjọba ló wà níwájú."

"Ṣé máàpù ló máa bá ẹ dúró níwájú adájọ́? O ti gbàgbé Myron?"

Ta ló lè gbàgbé Myron, ọmọ àbúrò bàbá wa? Nígbà tí kò rí ibi ṣọdẹ, tí ebi sì ń pa ilé rẹ̀, ó fo wáyà, ó pa àgbọ̀nrín nínú oko olóko. Wọ́n gba ìbọn rẹ̀, wọ́n sì gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Mo rò ó, mo yí ọkọ̀ padà. Ọ̀nà jíjìn la wá wa ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ ìjọba mìíràn, níbi tí àwọn ọdẹ ti pọ̀ ju igi lọ, tí ìbọn ń dún níwájú tó ń dún lẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò yọ ìbọn mi jáde rárá. Leland ní ẹran kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo àdúgbò náà ni sọ́séèjì inú búrẹ́dì wa.

Bí àkókò ọdẹ ti fẹ́ parí, mo ní n kúkú lọ bẹ Ìyá Ruud. Ẹ mọ Alma dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ṣe fóòmánù lóko wọn títí ọkọ rẹ̀ fi kú. Ó fún mi ní kọfí. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n gba ọ̀nà rẹ̀ kọjá sí Badger Bench.

"Ọ̀nà wo?"

"Èyí tí wọ́n kun òpó ẹ̀, mà."

Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Verna, ṣé o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ọ̀nà yẹn ò fìgbà kan jẹ́ tiwa. Ọ̀nà ìjọba ìbílẹ̀ ni. Tiwa ti parí níbi ọgbà màlúù."

"Ta ló wá kun òpó?"

"Orrin yín ni. Ọkọ mi bá a wí títí, Orrin ní màlúù wa lòun ń dáàbò bò. Ọdọọdún ló ń tún un kùn kí àkókò ọdẹ tó wọlé. Mo rò pé o mọ̀. Ṣebí ẹran ibẹ̀ lẹ jọ ń jẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo dìde nídìí kọfí yẹn. Mo ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ gba ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀nà lọ. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní ọ̀nà gbogbo ayé ni kí wọ́n tó bí òun, pé ẹni tó kun òpó ò lẹ́tọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì wù lè ha á dànù.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní àwọn èèyàn ń ṣí géètì sílẹ̀, wọ́n ń fi táyà wú ọ̀nà nínú ẹrẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin nìkan fi ń pa ẹran níbi tí gbogbo ìlú ni? Ọdọọdún la ń yìn yín pé kò sọ́dẹ bíi yín ní Sage Fork. Kí ló dé tí kò ní sí, nígbà tí ẹ ti lé gbogbo ọdẹ yòókù? Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ jókòó ní kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba ìbọn Myron. Ẹ bá a jáde, ẹ ní, "Ẹni tí ò bá rí ilẹ̀ tó tọ́, kó lọ ra ẹran ní ṣọ́ọ̀bù." Ó ní ẹ ṣeun. Ìtòsí ilé rẹ̀ ni Badger Bench wà, ẹ sì mọ̀.

Mo lọ ní Sátidé tó kọjá. Mo wa ọkọ̀ kọjá láàárín òpó méjèèjì, mo ń wẹ̀yìn bí olè, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ tèmi. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Kí oòrùn tó ga, abo àgbọ̀nrín kan jáde sí etí odò. Ìbọn kan ló gbà. Mo sunkún díẹ̀, mo la inú rẹ̀ bí Ọ̀gbẹ́ni Kjos ti kọ́ wa, mo sì wọ́ ọ bọ̀ wá sídìí ọkọ̀ mi.

Myron ló dúró síbẹ̀. Ó ti rí ọkọ̀ mi lẹ́yìn ọ̀dà náà láti ọ̀ọ́kán.

Ó ní, "Ó dára o. Tèmi, ọlọ́pàá. Tìẹ, ẹran. Ṣé torí pé Orrin ni ẹ̀gbọ́n ẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi pamọ́. Mo sọ ohun tí Alma sọ àti ohun tí wọ́n sọ ní ọ́fíìsì fún un. Mo rò pé á bú yín, kò bú yín. Ó jókòó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù mi, ó ń wo orí òkè Badger Bench. Ó ní, "Òun ló mú mi lọ mu kọfí lọ́jọ́ kóòtù yẹn. Òun ló sanwó." Ẹni tí a ní kó kin ni lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Itan ẹran tó máa ń jẹ́ tiyín, Myron ló mú un lọ. Èmi ni mo gé e fún un. Ní ọjọ́ kejì, ó mú irin ìha-ọ̀dà, ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ha àwọn òpó náà nínú yìnyín. Mo lọ bá a. Ọ̀dà ọdún lórí ọ̀dà ọdún ni, ó nípọn bí èèpo igi. Nígbà tí ó ku òpó kan, mo gbé irin sókè, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, pé ẹ̀yin lẹ máa wá ha á, lójú ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ìlú bá ń kọjá. Ó ní bí ẹ bá ti ha á tán, òun á se kọfí.

Leland ní kí n kí yín. Ẹ bá mi kí Noreen, ẹ má sì fi lẹ́tà yìí pamọ́ fún un. Mi ò ní kọ òmíràn títí ẹ ó fi wá.

Èmi tí mo ṣì ń jẹ́ àbúrò yín,
Verna.