Ọmọ Ọdún Mélòó Ni Zeenat ní Mẹ́kúrì?

Fúláàtì Kẹrìnlá,
Bruma,
Johannesburg,
Gúúsù Áfíríkà.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 2024.

Fasilat, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Báwo ni ilé? Ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun màmá ti fúyẹ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ní Ìwó ńkọ́, ṣé wọn kò tíì fi ariwo sọ ọ́ di arúgbó? Àwa náà ń bẹ. Tesleem ọkọ mi ń bá ìsọ̀ rẹ̀ yí láàárín ìlú, òtútù sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. A dúpẹ́.

Lìádì, ará mọ́sáláṣí wa tó ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Fóònù mi kò bàjẹ́ o. Zeenat ọmọ mi ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, ọ̀rọ̀ náà sì kàn án gan-an. Mo fẹ́ kí o bá mi wádìí ọkùnrin kan kí ọjọ́ karùn-ún oṣù tó ń bọ̀ tó pé.

Zulkifli ni orúkọ rẹ̀. Ó dé sí mọ́sáláṣí wa lóṣù Kẹjọ, ó ní òun yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wa nípa àwọn pílánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn kéú ọjọ́ Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́. O mọ̀ mí. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣe nǹkan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ nílùú yìí, ojú rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Lọ́jọ́ kìíní, mo jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ mi, èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá. N kò rí àléébù. Ó gbé bọ́ọ̀lù sí ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ó ní oòrùn nìyẹn. Ó ní kí àwọn ọmọ ka ogójì ìṣísẹ̀, kí wọ́n fi kóró ata kan sílẹ̀: ayé wa nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ìjà inú rẹ̀. Èso àjàrà kan ni Júpítà, ó lé ní igba ìṣísẹ̀. Nẹ́pítúùnù bọ́ sídìí róbọ́ọ̀tì, níbi tí iná ti ń dá ọkọ̀ dúró, àwọn awakọ̀ takisí sì ń fun fèrè mọ́ wa. Nígbà tí a ó fi padà, Rodiat, ọmọ aládùúgbò wa, ti jẹ Júpítà.

Zulkifli wò ó. "Èyí tó tóbi jù nínú gbogbo wọn lo jẹ yẹn. Tí inú bá run ẹ́, má pè mí o."

Ọkàn mi ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àfi bó ṣe ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá: ọjọ́, oṣù, ọdún. Kí ni àlejò fẹ́ fi ọjọ́ ìbí ọmọ ọlọ́mọ ṣe? Ìyá mi kì í sọ tiwa fún ẹni tí kò tíì jẹun nílé wa. Níbí pàápàá, mo mọ ẹni tí wọ́n fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ gba ìwé ìdánimọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò fojú rí. Mo bi í léèrè, ó ní òun fẹ́ fi ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni. Mo wá sọ fún Zeenat pé kí ó kọ oṣù Kẹta dípò oṣù Kẹjọ. Ó wò mí, ó kọ ọ́.

Àná ló pín káàdì fún wọn. Ó ti ṣírò iye ọdún tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ì bá jẹ́ ká ní pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn ló ń gbé. Ọjọ́ méjìdínláàádọ́rùn-ún ni Mẹ́kúrì fi ń yí oòrùn po, ọdún kan tirẹ̀ nìyẹn. Rodiat jẹ́ ọmọ ọdún 42 níbẹ̀, Zeenat jẹ́ 43.

"Irọ́ ni," Rodiat fọwọ́ lu tábìlì. "Èmi lẹ̀gbọ́n ẹ. Oṣù tó kọjá la jẹ kéèkì ẹ, àbí o ti gbàgbé? O fẹ́ gba ipò mọ́ mi lọ́wọ́."

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Zeenat fi òyìnbó dáhùn pé ìyá òun ló ní kí òun parọ́. Mo wà nínú yàrá náà, Fasilat, bírò wà lọ́wọ́ mi.

Zulkifli kò wojú mi. Ó ní, "Àwọn ìyá ní ìdí tiwọn," ó sì kó káàdì òfìfo méjì fún Zeenat, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún mi, ó fi tirẹ̀ tó ti kọ tán lé e kí a lè wò ó ṣe. Ní ọjọ́ karùn-ún tí mo wí yẹn, ó fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí pápá kan ní Midrand lẹ́yìn àdúrà mágíríbì, kí wọ́n fi awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ wo àgùàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù tuntun. Àgùàlà tí a ní ajá oṣù ni, ó fẹ́ fi hàn wọ́n pé kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Zeenat ní bí òun kò bá lọ, òun kò ní tẹ ilé kéú mọ́. Láti àná, gbólóhùn kan ṣoṣo tó bá mi sọ nìyẹn.

Nígbà tí a délé, mo ṣírò káàdì ọkùnrin náà. Ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún ọdún 1971 ló kọ. Ó ní òun jẹ́ 250 ní Mẹ́kúrì, 32 ní Másì, 5 ní Júpítà. Ẹni tí a bí lọ́jọ́ yẹn kò lè ju 221 lọ ní Mẹ́kúrì. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni ọgọ́ta ọdún ló ní 250. Ó fi ọdún méje pamọ́ fún wa, ìṣírò ara rẹ̀ sì tú u fó.

Tesleem rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o ní kí ọmọ parọ́ lo ń wá òpùrọ́ kiri." Mo ní kó máa jẹun rẹ̀.

Ṣé ìwé ẹlòmíràn ló ń gbé kiri ni? Ó ní òun kọ́ni ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ yín kí òun tó wá síbí. Bá mi wo ìwé orúkọ àwọn olùkọ́ àtijọ́, kí o sì bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè bí ó ṣe ń ṣe sí àwọn ọmọ. Fóònù Tesleem ni kí o pè, má pe tèmi.

Bá mi kí màmá, kí o sì sọ fún àwọn ọmọ pé mo rí fọ́tò wọn.

Ní òwúrọ̀ yìí, mo jókòó kọ àwọn káàdì náà. Mo kọ ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹjọ fún Zeenat. Ó kà á, ó mú un lọ. Mo fa tèmi, mo kọ ọ́ tán kí n tó wò ó: 1979. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ tàn jẹ. Ọwọ́ mi ló ti mọ̀ ọ́n kọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí èmi àti ìwọ jọ lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù nítorí iṣẹ́ ìjọba, tí a bọ́ ọdún mẹ́ta mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Káàdì náà ṣì wà níwájú mi.

Bá mi wádìí ọkùnrin náà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ orí rẹ̀, má bi ẹnikẹ́ni.

Èmi tí o mọ ọdún mi,
Tawakalit.