Ọwọ́ Tó Mọ Ìgbà Tí A Kì Í Fà: Ìgbésí Ayé Màmá Tinúadé Lágúnjú, Ìyá Olóríkèé (1927–1989)

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí Màmá Tinúadé Lágúnjú sí ní ọdún 1927, ní agbo ilé Ọmọ́ṣaléwá, lẹ́yìn Ẹnuwá. Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá wọn, Pa Jósẹ́fù Ọmọ́ṣaléwá. Ìyá wọn, Màmá Àyọ̀kẹ́, ń ta iyọ̀. Àwọn tó mọ̀ wọ́n ní kékeré sọ pé bí adìyẹ bá tiro kọjá, Tinúadé á dìde tẹ̀lé e títí yóò fi mọ ibi tó ń dùn ún. Àwa ọmọ wọn rò pé àsọdùn ni, títí a fi rí ìṣe wọn fúnra wa.

Wọ́n kàwé nílé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. Ní 1953 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá Lágúnjú, tí í ṣe olùkọ́. Nígbà tí bàbá wa lọ kàwé sí i ní ìlú Òyìnbó ní 1964, màmá bá wọn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ kairopírátíìkì, ìyẹn fífi ọwọ́ tọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn àti oríkèé ara láìlo abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ. Nígbà tí wọ́n padà dé, Màmá Àyọ̀kẹ́ bi wọ́n pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Wọ́n ní kí ìyá àgbà, tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́, dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Nígbà tí ìyá àgbà dìde, wọ́n gbé garawa omi fúnra wọn, wọn kò sì bèèrè mọ́.

Ní 1980 ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú wọn sí àdúgbò Mayfair ní Ifẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí iṣan itan rẹ̀ já níbi eré sísá, ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù Sábó tó fi ẹsẹ̀ rọ́, olùkọ́ tí ejìká rẹ̀ yẹ̀ nídìí tẹ́níìsì, gbogbo wọn ló ń tiro wọlé. Màmá kì í kí aláìsàn kó tó rìn láti géètì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìrìn rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bi í pé, “Kí lorúkọ rẹ?” Ẹni tó bá ti fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ á gbọ́ èébú díẹ̀ kí wọ́n tó gbé yìnyín lé e. Ẹ̀yìn á dún pọ̀ọ́, aláìsàn á ké pe Jésù, á sì bú sẹ́rìn-ín. A rí ẹni tí wọ́n pọ̀n wá tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Àwa ọmọ wọn gan-an, ẹ̀rù ọwọ́ yẹn máa ń bà wá. Bí ìlú ṣe sọ wọ́n ní Ìyá Olóríkèé nìyẹn.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni wọ́n, wọ́n sì jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ akọrin. Kò sí akọrin tó jẹ́ tẹ̀ jókòó lójú wọn. Àlùfáà pàápàá á na ẹ̀yìn bí màmá bá ti wọlé.

Ní ọ̀sán Sátidé kan ní 1984, àwọn ọ̀dọ́ Mayfair àti ti Sábó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé ìwé kan. Bámidélé Ògúndèjì, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyáàfin Mojíre bí, ni aṣọ́lé. Ó fò mú bọ́ọ̀lù, ó forí sọ òpó irin, kò sì lè gbé apá mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ìṣe wa: a ó da omi lé e lórí, a ó fà á dìde jókòó. Màmá, tí wọ́n ń wòran, pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Tòun ti ìró àti bùbá ni wọ́n fi dojú bolẹ̀ nínú erùpẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọmọ náà mú.

Inú àwọn èrò dùn pé Ìyá Olóríkèé ti dé. Wọ́n ń retí kí ọrùn dún. Ìyáàfin Mojíre kúnlẹ̀, ó ń sunkún: “Màmá, ẹ bá mi fà á! Ọwọ́ yín ni gbogbo ayé ń sọ. Ẹ ṣáà bá mi fà á lẹ́ẹ̀kan péré!”

Màmá dáhùn pé, “Mojíre, bí mo bá fà á, mo pa á nìyẹn. Ẹ lọ yọ ilẹ̀kùn kíláàsì wá.”

Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n fi ká ọrùn ọmọ náà, wọn kò sì fi orí rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀kùn tí a fi gbé e títí dé ilé ìwòsàn. Dókítà tó ya àwòrán ọrùn náà sọ pé eegun ti ṣẹ́, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá ti yí i, ọ̀rọ̀ ì bá ti bùṣe. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún ìlú? Àwọn kan ní agbára Ìyá Olóríkèé ti tán. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó máa ń kún dá páropáro. Ìyáàfin Mojíre, tí ọmọ rẹ̀ ṣì dùbúlẹ̀, kò dáhùn ìkíni màmá mọ́ ní Ẹnuwá. Màmá sunkún nílé, a rí wọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbé ènìyàn dìde, kò rọrùn fún un láti ká ọwọ́ kò. Síbẹ̀, bí ìsìn bá ti parí, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ, wọ́n á máa tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ Bámidélé, wọ́n á máa bi í bóyá ó ń mọ̀ ọ́n lára.

Ní ọjọ́ Àjíǹde 1985, géètì wa ṣí. Bámidélé ló wọlé, ìyá rẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Màmá dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn kò kí i. Wọ́n wo ìrìn rẹ̀ láti géètì títí ó fi dé iwájú wọn. Nígbà náà ni wọ́n bi í pé, “Kí lorúkọ rẹ?” Ìyáàfin Mojíre so mọ́ wọn lọ́rùn, ẹkún àti ẹ̀rín sì dàpọ̀. Láti ìgbà náà, màmá ń lọ láti pápá dé pápá ní Ifẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń di orí ẹni tó ṣubú mú láìfà á.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí, màmá sùn, wọn kò jí. Wọ́n fi ọkọ wọn sáyé, tí wọ́n ṣì ń jókòó gbọnrangandan bí ẹni pé màmá ń wò wọ́n. Wọ́n fi àwọn ọmọ sílẹ̀: Fọlákẹ́, Ọláyínká àti Kíkẹ́lọmọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, àti ẹ̀gbọ́n wọn, Màmá Ìyábọ̀dé.

Nígbà tí a ń yan àwọn tí yóò gbé pósí, Bámidélé wá bá wa. Ó ní òun kò bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan mìíràn, kí a ṣáà jẹ́ kí òun di ibi orí mú. A sì gbà fún un.

Ìyá Olóríkèé, ẹ sùn re o. Orí yín wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní jẹ́ kó mì.