Kẹ̀kẹ́ Mẹ́rin Ló Gbọ́dọ̀ Dé

Ajé, 3 oṣù kẹta
Tíṣà, ọmọ mi obìnrin, ló ra ìwé yìí. Ó ní kí n máa kọ nǹkan sínú rẹ̀ kí n má baà máa gbàgbé. Ta ló ń gbàgbé? Kíláàsì kẹta ni mo kàwé dé, mi ò sì gbàgbé ẹni tó bú mi níbẹ̀.
Màá kọ ti iṣẹ́ mi. Èmi ni mò ń tọ́jú yàrá ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ ní yunifásítì, ọdún mẹ́rìnlá rèé. Mò ń gbálẹ̀, mò ń fọ aṣọ eré wọn, mò ń bá wọn wí. Mẹ́rin ni wọ́n. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, balógun wọn, ọmọbìnrin tó rí bí igi ìgbálẹ̀. Ìkòkò àti Ọmọrí, ọkùnrin méjì tí wọn kì í yara wọn. Àti Ṣubú-ṣubú. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ. Wọn ò mọ̀.

Ẹtì, 7 oṣù kẹta
Ọ̀la ni eré àkọ́kọ́, ti orí títì. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ wọn dúdú bí ìdí àpẹ. Wọ́n ti lọ sí kíláàsì. Mo gbé omi gbígbóná, ọṣẹ, kànrìnkàn. Mo fọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọ́n fi dán bíi ṣíbí tuntun. Kò ku ẹ̀kán epo kan.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta
Epo yẹn ló ń jẹ́ kí ṣéènì yí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.
Ṣéènì wọn ń han bí ọmọ eku lọ lójú títì. Ṣéènì Ìkòkò já. Ọmọrí dúró tì í. Ṣubú-ṣubú ṣubú — ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló dé ìparí.
Ó béèrè ohun tí mo fi fọ̀ ọ́. Mo ní ọṣẹ. Kò bínú. Ó ní, “Ó mọ́ gan-an ni, Màmá. Ẹ ṣeun.”
Èébú ìbá sàn.

Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta
Ọ̀gá Fèrè, olórí eré ìdárayá, mú lẹ́tà wá. Ẹgbẹ́ tí èèyàn mẹ́rin rẹ̀ ò bá jọ parí eré kan, ó kéré tán, kí sáà tó tán, wọn á gba yàrá rẹ̀. Eré kan ló kù, ti orí òkè, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Àwọn tó ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì ti wá fi téèpù wọn ògiri wa. Lójú mi.
Tí yàrá bá lọ, ilé ìkàwé ni wọ́n ń gbé mi lọ. Níbi tí èèyàn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Èmi.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta
Ṣubú-ṣubú ti dá egungun èjìká. Kẹ̀kẹ́ ò sún o. Ó jókòó lé e lójú kan, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ṣubú. Dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ajé, 17 oṣù kẹta
Wọn ò rí ẹlòmíì. Mo gba ìwé òfin eré, mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ dọ̀sán. “Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́.” Ta ni òṣìṣẹ́?
Mo sọ fún wọn. Ìkòkò rẹ́rìn-ín, nítorí náà Ọmọrí rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ọdún méje ni mo fi kẹ̀kẹ́ kó búrẹ́dì kiri nígbà tí mo wà lọ́mọge.
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, òkè mà ni.”
Mo ní búrẹ́dì náà gun òkè. Kò sì já bọ́.

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta
Tíṣà ti gbọ́. Ó ń ké lórí fóònù pé ìyá òun, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Mo ní ó ṣì í kà, méjìléláàádọ́rin ni. Mo pa fóònù.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta
Ìdí. Ìdí ń ro mí.

Àìkú, 23 oṣù kẹta
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní tí mo bá dé ibi tó ga jù, kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n ti kẹ̀kẹ́. Òfin gbà á, kí èèyàn àti kẹ̀kẹ́ ṣáà ti jọ kọjá ìlà. Mo ní ẹni tó bá rí mi tí mò ń ti kẹ̀kẹ́, kó ti èmi náà sínú kòtò. Ọ̀gá Fèrè wà níbẹ̀. Ó gbọ́.

Àbámẹ́ta, 29 oṣù kẹta
Mo ti dé. 
Wọ́n dé akoto lé mi lórí bí ẹni da igbá bo ẹyin. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, mi ò tíì kú. A gbéra — gbogbo ayé kọjá lára mi. Bí wọ́n ṣe ń kọjá ni wọ́n ń kí mi, “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o.” Mo dá gbogbo wọn lóhùn. Ìkíni yẹn ló gba èémí mi, kì í ṣe òkè.
Ẹrẹ̀. Gbòǹgbò igi. Ẹrẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́nà ní, “Màmá, a ti fẹ́ ká okùn ojú ọ̀nà o.” Mo ní kó ká tiẹ̀, kó fi tèmi sílẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í sáré lásán: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ilé ìkàwé ló ń lé mi.
Mo dé ibi tó ga jù. Mo wà á, kẹ̀kẹ́ ń padà sẹ́yìn. Mo tún wà á. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Igi nìkan.
Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo tì í.
Nígbà tí mo dórí òkè, mo nu ẹnu, mo gùn ún padà, mo gbàgbé pé kẹ̀kẹ́ ní bíréèkì, mo já wálẹ̀ bí òkúta. Mo kọjá ìlà. Ìkòkò ń sunkún, nítorí náà Ọmọrí ń sunkún. Ọ̀gá Fèrè béèrè bóyá mo gùn ún dé òkè lóòótọ́. Mo ní, “Ṣé o rí mi tí mò ń ti nǹkan?” Ó ní rárá.
Ìwé yìí nìkan ló mọ̀.

Ajé, 31 oṣù kẹta
Yàrá ti di tiwa. Àwọn onítẹ́nìsì ti ká téèpù wọn lọ.
Onífọ́tò kan wà láàárín igi yẹn.
Àwọn ọmọ ti sọ fọ́tò tó yà di ńlá tó ilẹ̀kùn, wọ́n kàn án mọ́ ògiri kí n tó débi iṣẹ́. Èmi rèé, mò ń ti kẹ̀kẹ́, ahọ́n níta, ojú yọ rogodo bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: “Ẹni kẹrin wa.” Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, “Màmá, ṣé ká yọ ọ́?”
Mo wò ó títí. Wọ́n kàn án wọ́.
Mo gba òòlù lọ́wọ́ wọn, mo gun àga, mo tún un kàn.