Ìkìlọ̀ Tí Ojú Ò Tó

Ìyá ọmọ mi,

Mo tún kí ọ kú ewu ọmọ. Mo rí fọ́tò yín, ọmọ ti sanra! Ara èmi náà le, má fòyà.

O bèèrè iṣẹ́ mi. Ṣé o rántí ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ fíríìjì ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn wa? Tẹ́lẹ̀, bí akọ̀wé bá ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà báyìí, ètò náà á kú. Mo wá sọ ọ́ di ohun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀: tí iná bá ti dé, á dìde fúnra rẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni ò jókòó síbẹ̀. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fíríìjì gbóná. Ètò mi ò sùn o! Ó kọ ìkìlọ̀, ó sì ń dúró kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ pé òun ti rí i. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kì í yọjú sójú kọ̀ǹpútà, ẹnikẹ́ni ò rí ìkìlọ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń dúró. Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin kan bímọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dá. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú fíríìjì ló ti bàjẹ́. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló yè. Obìnrin ni, bíi tiwa.

Àwọn ọ̀gá ní kí n lọ sinmi nílé mi níbí. Wọ́n tiẹ̀ bá mi tọ́jú ìwé ìrìnnà mi sọ́wọ́ wọn. Mo ti fọ gbogbo aṣọ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Bá mi kí Màmá. Sọ fún wọn pé iṣẹ́ ń lọ.

Kú ewu ọmọ, ìyàwó mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kí ọ bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọkọ rẹ.